Àríyá Orin fún Owó Ilé-Ìwé ní Àkúrẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ọ̀dọ́ Oníṣòwò Tó Fẹ́ Ṣètò Rẹ̀

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ọ̀dọ́ tó ń ṣòwò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, tó fẹ́ kó àwọn olórin jọ fún ọjọ́ kan kí owó tó bá wọlé lè di owó ìdánwò àti owó ìwé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí i san. Níbi tí a bá ti dárúkọ ààfin, ti Déjì ní Àkúrẹ́ la ń sọ; kí ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní Oǹdó fi ààfin Ọ̀ṣemàwé rọ́pò rẹ̀. Ìyókù iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé olórin ni kí n kọ́kọ́ wá?

Rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ lọ sí ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ béèrè iye ọmọ tí owó ń dá dúró, kí ẹ sì gba iye owó náà ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ 20, tí owó tí ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò sì jẹ́ ₦40,000, ₦800,000 ni. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, nítorí owó ìforúkọsílẹ̀ lè gbówó lórí kí ẹ tó san án. Ó di ₦880,000. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦2,000, tíkẹ́ẹ̀tì 440 ló máa kó o jọ. Iye tí ilé-ìwé bá kọ fún yín ni kí ẹ fi rọ́pò tiwa.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ 440 yìí ni ẹ tó lè mọ bí pápá ṣe máa tóbi tó, irú olórin tí ẹ nílò, àti bóyá agbára yín tiẹ̀ ká a. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olórin, owó olórin ni yóò máa lé kiri títí ọjọ́ á fi pé, orúkọ àwọn ọmọ á kàn wà lára pátákó lásán.

Kí ló dé tí a ò gbọdọ̀ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì san owó sáùǹdù?

Ìgbà tí owó méjèèjì ń rìn kò bára mu. Oní-sáùǹdù, oní-kánópì, oní-jẹnẹrétọ̀ àti olórin ń béèrè àsansílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Àwọn ará ìlú ní tiwọn kì í sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹnu géètì ni wọ́n ti máa rà á. Ẹni tí kò bá ní owó àsansílẹ̀ á yá a. Ẹni tó yá a lówó á sì wá dúró sẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà, kó lè gba owó rẹ̀ níbi tó ti ń wọlé. Bí àwọn èèyàn ṣe ń jó nínú pápá ni owó àwọn ọmọ ń gba ẹnu ọ̀nà jáde. A rò pé ohun tó ń pa irú àríyá yìí jù lọ nìyí, ó ju òjò lọ, ó ju àìsí èrò lọ.

Ìwé ìṣirò méjì ni kí ẹ ní, àti àkáǹtì méjì bó bá ṣeé ṣe. Nínú ìwé kìíní, owó onígbọ̀wọ́ ló ń wọlé. Owó pápá, sáùǹdù, iná, olórin, ẹ̀ṣọ́ àti ìpolówó ló ń jáde. Nínú ìwé kejì, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó àyè ìtajà àti ọrẹ ló ń wọlé. Owó ilé-ìwé nìkan ló ń jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan yá èkejì lówó, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan péré.

Ẹ wá yan ọjọ́ ìpinnu, ọjọ́ 21 ṣáájú àríyá. Lọ́jọ́ náà, ẹ ka owó onígbọ̀wọ́ tó ti wọ báńkì. Ẹ má ka ìlérí mọ́ ọn. Bí kò bá tó ohun tó wà nínú ìwé kìíní, ẹ dín àríyá náà kù lójú ẹsẹ̀: ẹ yọ ẹgbẹ́ olórin kan, ẹ fi gbọ̀ngàn ilé-ìwé rọ́pò pápá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán kí ẹ má baà nílò iná púpọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Owó wo gan-an ló yẹ ká san fún ọmọ?

Èyí tó ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ WAEC, NECO tàbí ti JAMB bá kọjá, ọdún kan ti lọ lórí ọmọ náà, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ẹ rántí NABTEB pẹ̀lú, ìdánwò àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ìwé. Àwọn afúnni lówó sábà máa ń fojú fo àwọn ọmọ yìí dá, ó sì dùn wá.

Lẹ́yìn ìdánwò, owó ìtẹ́wọ́gbà ni. Ọmọ tó bá wọ ilé-ìwé gíga ìjọba, bíi FUTA ní Àkúrẹ́ tàbí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, lè béèrè ẹ̀yáwó aláìlélé lọ́dọ̀ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, èyí tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìtẹ́wọ́gbà máa ń ṣáájú kí ẹ̀yáwó tó dé, àárín méjèèjì sì ni ọmọ mìíràn ti ń pàdánù àyè rẹ̀. Owó díẹ̀ tó bá bọ́ sí àkókò lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má fi owó àríyá ra báàgì àti ìwé àjákọ tí a kọ orúkọ yín sí lára kí ẹ tó san owó ìdánwò tán.

Báwo la ṣe máa yan àwọn ọmọ tí kò fi ní sí ojúsàájú?

Ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún tó: olùkọ́ méjì láti ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aṣojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kan, ẹni tí àdúgbò bọ̀wọ̀ fún kan, àti ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín. Fọ́ọ̀mù tí ìgbìmọ̀ máa kà kò gbọdọ̀ ní orúkọ ọmọ lára; nọ́ńbà ni kí ó ní. Ìwé tí ẹ máa so mọ́ ọn ni èsì ìdánwò táàmù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwé iye owó tí ilé-ìwé fọwọ́ sí, àti lẹ́tà kúkúrú láti ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì nípa ipò òbí. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá mọ̀ pé ẹbí òun wà nínú àwọn tó béèrè, kó sọ ọ́, kó sì jáde nígbà tí wọ́n bá dé orí rẹ̀.

Ẹ yan mẹ́ta lé e. Àwọn òbí kan á rí owó náà kó tó di ọjọ́, àwọn ọmọ kan á ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀ yín tọkàntọkàn: ẹ má ṣe to àwọn ọmọ yìí sórí pèpéle kí gbogbo ayé lè rí ẹni tí òbí rẹ̀ kò lówó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá nílò fọ́tò, ẹ gba àṣẹ òbí ní kíkọ, nítorí òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ẹni fẹ́ kí òbí gbà fún un, ọmọlúàbí pàápàá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kéde iye ọmọ, ilé-ìwé àti iye owó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣé dandan ni ká forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ lè wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé tirẹ̀, irú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé-ìwé kan. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn má sì jẹ́ ará yín.

Bó bá máa di ọdọọdún, ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alámòójútó lábẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020. Ẹ máa kéde orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá sì lòdì sí i ní ọjọ́ 28 láti sọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú. Báńkì á tún béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́, kó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ohun tí a kò gbà yín níyànjú rárá ni kí ẹ kó owó ọrẹ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù yín. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé bá òwò yín, báńkì ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ tiyín.

Oṣù wo ló dára jù?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ ń gbẹ ní agbègbè wa. Òjò máa ń pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà, keje, kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ìsinmi díẹ̀ tó wà ní oṣù kẹjọ kò ṣeé gbára lé. Oṣù kejìlá gbayì nítorí àwọn ọmọ ìlú ń wálé pẹ̀lú owó, àmọ́ ìgbà náà náà ni owó olórin àti sáùǹdù ń fò sókè, tí gbogbo Sátidé sì kún fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Oṣù kìíní, owó ti tán lápò àwọn èèyàn. Tiwa ni pé kí ẹ mú Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kọkànlá. Kí ẹ tó mú un, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò lọ́wọ́ ilé-ìwé, kí owó má baà dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì, ẹ sì wò ó bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA wà nílùú tàbí wọ́n wà ní ìsinmi.

Ẹ tún béèrè láàfin. Ọdún ìbílẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń ti ọjà pa nítorí rẹ̀, bí ọdún Aheregbe. Ẹni tó bá fi àríyá sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ á ja àṣà, kò sì ní rí èrò. Ààwẹ̀ Ramadan náà ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, ẹ wo kàlẹ́ńdà.

Pápá wo la lè lò, báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ó gba èrò wa?

Pápá tàbí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ló dín owó kù jù lọ: ó ní ògiri, ó ní géètì, ọ̀gá ilé-ìwé sì mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Democracy Park wà láàárín ìlú, ó rọrùn fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ọjà Ọba tàbí Arákálẹ̀, ṣùgbọ́n ibi gbangba ṣòro láti ta tíkẹ́ẹ̀tì sí nítorí èèyàn lè dúró sí ìta kó máa gbọ́ orin. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní The Dome dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ jẹ́ ti àríyá tó ti dàgbà.

Ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀. Pápá tó gùn ní mítà 40, tó fẹ̀ ní mítà 30, jẹ́ mítà 1,200 níbùú-lóròó. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún pèpéle, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti ojú ọ̀nà. Ó ku 800. Bí èèyàn bá máa jókòó lórí àga, ẹ ka ẹnì kan fún mítà kan. Bí wọ́n bá máa dúró, ẹni méjì fún mítà kan ló tura. Tó bá ti kọjá mẹ́rin, ẹni tó bá ṣubú kò ní rí àyè dìde, ibẹ̀ sì ni ikú ti ń wọlé.

Ẹnu ọ̀nà méjì ó kéré tán, kí èkejì máa ṣí síta ní gbogbo ìgbà. Ẹ má fi àgádágodo tì í nítorí àwọn tó fẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ènìyàn dúró tì í.

Àwọn wo la máa kọ lẹ́tà sí?

DPO àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò náà, Sífù Dìféńsì, Àmọ̀tẹ́kùn, ìjọba ìbílẹ̀, ààfin, àti olóyè àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Fún pátákó tí ẹ máa gbé sójú títì, ẹ béèrè àṣẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ rí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fúnra yín, kí ẹ fún wọn ní iṣẹ́ ìdarí ọkọ̀ àti ọ̀kadà pẹ̀lú owó tí a dá sílẹ̀ nínú ìwé kìíní. Ẹni tó bá fi tiwọn sílẹ̀ títí di ọjọ́ náà, wọ́n á wá bá a lẹ́nu géètì.

Irú olórin wo ló yẹ, báwo la sì ṣe ń san owó wọn?

Ẹ pò ó pọ̀. Ẹgbẹ́ jùjú tàbí haílàìfù kan ló ń mú àwọn àgbà tó lówó wá. Àwọn ọ̀dọ́ olórin tàkasúfèé ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá. Akọrin ilé-ìwé ló ń mú òbí wá, nítorí kò sí ìyá tí kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn oníjó Obìtun láti Oǹdó, ẹ fi wọ́n sí i. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ti tó fún wákàtí márùn-ún: ìṣẹ́jú 30 fún àwọn kékeré, wákàtí kan fún ẹgbẹ́ ńlá, ìṣẹ́jú 15 láti pààrọ̀ irinṣẹ́ láàárín wọn. Ìṣẹ́jú 15 yẹn ni kí alága ìdúró fi ṣe ìkéde ọrẹ.

Ìwé àdéhùn ojú ewé kan fún olórin kọ̀ọ̀kan, tó sọ agogo tí á dé, iye ènìyàn tó ń kó bọ̀, ta ló ń san ọkọ̀ àti oúnjẹ, àti iye máíkì tó nílò. Ìdajì owó ṣáájú, ìdajì kí ó tó gun pèpéle. Olórin tó sọ pé òun ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àwọn ọmọ, ẹ bá òun náà kọ ìwé, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ fún un. Àìsí ìwé ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ yọjú bí òde olówó bá dé bá a ní Sátidé yẹn.

Sáùǹdù àti iná ńkọ́?

Ẹ má ṣe bá oní-sáùǹdù dúnàá-dúrà pé "gbé sáùǹdù tó dáa wá". Ẹ kà á. Ẹgbẹ́ jùjú tó mọ níwọ̀n nílò máíkì tàbí wáyà báyìí: aṣáájú olórin 1, ègbè 3, gángan 2, àkúbà 2, gìtá 2, gìtá béèsì 1, kíbọ́ọ̀dù 2, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1, ìlù òyìnbó 4. Ó jẹ́ 18. Míkísà olójú 16 kò gbà á, wọ́n á wá máa yọ gángan kúrò kí wọ́n tó lè fi ègbè sí i, ẹgbẹ́ jùjú tí gángan rẹ̀ kò sì dún ti parí. Míkísà olójú 24 ni kí ẹ béèrè. Fún èrò 500 ní gbangba, sípíkà ńlá méjì àti sípíkà béèsì méjì ní ọwọ́ ọ̀tún, iye kan náà ní ọwọ́ òsì, àti mónítọ̀ mẹ́rin lórí pèpéle. Pèpéle tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 6, tó sì ga tó mítà kan gba ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá sí méjìlá.

Tó bá di ti iná, ẹ gbàgbé NEPA lọ́jọ́ náà. Ẹ bi oní-sáùǹdù ní iye kílówáàtì tí gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Bó bá jẹ́ 16, ẹ fi 0.8 pín in, ó di 20 kVA, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ agbára jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ju ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ lọ, nítorí béèsì ń fa iná lójijì bó ṣe ń dún; tí jẹnẹrétọ̀ bá kéré, iná á wálẹ̀, míkísà á kú, yóò tún tan ara rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ á sì gba gbogbo pápá. Nítorí náà 30 kVA ló kéré jù. Ẹ má so fíríìjì àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti iná pápá mọ́ ọn; jẹnẹrétọ̀ kékeré kejì ni kí ẹ lò fún wọn. Jẹnẹrétọ̀ 30 kVA máa ń jẹ bíi lítà 6 sí 7 dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan tó bá ń gbé ẹrù tó pọ̀. Fún wákàtí mẹ́sàn-án, ìdánwò sáùǹdù wà nínú rẹ̀, lítà 80 ni kí ẹ rà, kí ó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí èrò ní mítà 30, sí apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ.

Ariwo híhó tó ń gún etí máa ń wá nígbà tí máíkì bá kọjú sí sípíkà tàbí tí olórin bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máíkì. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gòkè. Ìró "hùùù" tí kì í lọ ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti wáyà ilẹ̀: ojú iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fún kíbọ́ọ̀dù àti míkísà ní iná. Ẹ fa méjèèjì láti ojú kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì kí ariwo lè dá. Irú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí máíkì gbé iná mọ́ olórin lẹ́nu.

Ẹni tó máa kọrin kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ dán sáùǹdù wò láàárọ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sẹ́yìn títí dé ẹni àkọ́kọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dán tirẹ̀ wò tán, gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà níbi tó yẹ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti ná olórin lówó. Ṣé ká fi àyè gbà á?

Ẹ má fi àyè gba kí owó máa fò lórí pèpéle. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, sọ fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Láti ọdún 2024 sì ni ìjọba ti ń lo òfin náà gidigidi. Yàtọ̀ sí ti òfin, owó tí wọ́n bá ná olórin, ti olórin ni. Kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àmọ́ ìfẹ́ tó mú ẹni náà dìde jẹ́ ohun iyebíye. Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, pẹ̀lú àpótí títì, ìwé rìsíìtì, ẹ̀rọ POS àti nọ́ńbà àkáǹtì tí a kọ gàgàrà. Ẹni tó bá san owó ọmọ kan, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé, wọ́n á gbé e lọ fún olórin, olórin á sì ki í tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ á wú. Ẹ fi èyí sínú àdéhùn olórin láti ìbẹ̀rẹ̀: rìsíìtì ni tíkẹ́ẹ̀tì oríkì. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára pátákó, "owó ìdánwò ọmọ kan", "ìdajì owó ìdánwò", "ìwé kíkà ọmọ kan", kí ẹni tó ń bọ̀ mọ ohun tí owó òun ń rà. Ẹgbẹ́ aṣọ-ẹbí kan lè dìde kó san ti ọmọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá ti san ti mẹ́rin.

Báwo la ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí owó kò fi ní sọnù?

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé olójú 50, kí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ àti lára kùkùté tó máa kù. Ẹni tó bá gba ìwé kan fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè tó ṣáájú àríyá, gbogbo wọn á dá owó àti èyí tí wọn kò tà padà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò padà, owó rẹ̀ ni wọ́n máa san.

Lẹ́nu géètì, ẹ ya ibi ìsanwó sọ́tọ̀ kúrò níbi ìwọlé. Tí ẹni kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti wọlé, ẹnu kan ń gba 360 ní wákàtí kan. Ẹnu méjì á gba 500 láàárín ìṣẹ́jú 42. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ fi fóònù san bá wà lórí ìlà kan náà, gbogbo ìlà á dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ẹ má gba àlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù wọn. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo inú áàpù báńkì yín pé owó dé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wúwo nígbà tí èrò bá pọ̀, nítorí náà ẹ ní POS báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ní ṣẹ́ńjì: ₦500 àti ₦200 tó tó ₦30,000.

Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì ka owó, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n dì í sínú àpòòwé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iye kùkùté gbọ́dọ̀ bá iye owó mu.

Ta ni ká tọ̀ lọ fún ìgbọ̀wọ́?

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ lọ bá àwọn olókòwò kòkó, àwọn onílé ìtura ní Alágbàkà, àwọn onílé oògùn, àwọn tó ní ilé-ìwé aládàáni, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Wọ́n wà nílùú, àwọn tó ń ra ọjà wọn á wà ní pápá. Lẹ́tà ojú ewé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú, tó dárúkọ ohun kan pàtó: "Ẹ bá wa san owó jẹnẹrétọ̀ àti dísẹ́ẹ̀lì." Ẹni tó mọ ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe kì í pẹ́ dáhùn. Ẹni tí kò lówó lè fi ọjà dá sí i: ilé ìtẹ̀wé tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ilé omi tó gbé àpò ọgọ́rùn-ún wá. Tiwa ni pé kí ẹ kọ owó ọlọ́tí, onísìgá àti oníkálòkálò ní àríyá tó jẹ́ ti ọmọ ilé-ìwé, kódà bó bá jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù.

Oúnjẹ, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Owó àyè kan náà fún oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí ó san án ṣáájú. Ẹ má béèrè ìdá nínú èrè. Ẹ ò lè mọ iye tó tà. Alásun, oní-bọ̀ọ̀lì àti gbogbo ẹni tó ń lo gáàsì wà ní apá kan, jìnnà sí kánópì àti dísẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpanáná àti garawa yanrìn. Àpò omi kan jẹ́ ọ̀rá 20; fún èrò 500, kí àpò 75 wà nílẹ̀, ọ̀rá mẹ́ta fún ẹnì kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ọgọ́rùn-ún obìnrin, kí omi àti iná wà níbẹ̀.

Ṣé a nílò àṣẹ láti kọ orin olórin mìíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ́ yín bá máa kọ orin tí kì í ṣe tiwọn, tàbí tí DJ bá máa lu àwo, MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ní orúkọ àwọn tó ni orin. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí owó náà wà fún.

Ìpolówó wo ló ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́?

Rédíò: Adaba FM 88.9, Positive FM 102.5, Orange FM 94.5. Ẹ béèrè fún àyè ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí ètò àárọ̀ kí ẹ tó ra ìpolówó. Ìdí tí ẹ fi ń ṣe é á jẹ́ kí wọ́n gbà yín. Ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn yípo Ọjà Ọba lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyókù, WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ju pátákó lọ.

Ààbò àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ wọlé láìsí àgbà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí sí ìwé pélébé, ẹ so ó mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kánópì kan wà fún ọmọ tó sọnù àti ìtọ́jú pàjáwìrì, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù àti ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn lọ, kí ọ̀nà ọkọ̀ náà má sì dí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ parí ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kí ọmọ ilé-ìwé lè rí ọkọ̀ padà sílé.

Èmi tí mo ṣètò rẹ̀, ṣé mo lè gba nǹkan?

Ẹ lè gbà á, bó bá jẹ́ owó kan pàtó tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ṣáájú, tó jáde láti inú ìwé kìíní, tí a sì kéde. Ìdá nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kò dára. Bí sáùǹdù tàbí oúnjẹ bá ti ọ̀dọ̀ òwò yín tàbí ti ẹ̀gbọ́n yín wá, ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ẹni méjì mìíràn, kí ìgbìmọ̀ yàn láìsí yín níbẹ̀. Òwò yín á jèrè orúkọ rere tó máa pẹ́ ju owó náà lọ.

Lẹ́yìn àríyá, kí ló kàn?

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ kó gbogbo owó lọ sí báńkì, kí ẹnikẹ́ni má mú kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ san gbèsè. Láàárín ọjọ́ méje, ẹ san owó ọmọ kọ̀ọ̀kan tààrà sí àkáǹtì ilé-ìwé tàbí sí ojú ìsanwó ìdánwò náà, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ ọmọ lára. Ẹ má fi owó lé òbí lọ́wọ́; àìsàn tàbí owó ilé lè gbà á lọ́wọ́ wọn kó tó dé ibi tó ń lọ, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi wọn.

Láàárín ọjọ́ 14, ẹ tẹ ìwé ìṣirò méjèèjì jáde lójú ewé kan: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye ọmọ, iye tó kù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ẹ̀dà kan lọ sí ààfin. Bí owó kò bá tó ọmọ 20, ẹ san ti iye ọmọ tó ká ní kíkún, bí ìgbìmọ̀ ṣe tò wọ́n, dípò kí ẹ pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ fún gbogbo wọn; ìdajì owó ìdánwò kò mú ẹnikẹ́ni jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Bó bá ṣẹ́ kù, ti ọmọ mẹ́ta tí ẹ yàn lé e ló kàn, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn tiwọn á dúró nínú àkáǹtì yẹn di ìforúkọsílẹ̀ tó ń bọ̀.